Títì, pápá, ọgbà tàbí òkè: níbo ló yẹ kí ẹ ti máa ṣe eré ìdárayá n'Ìbàdàn?

Ìbàdàn kò ṣàìní ibi tí ènìyàn lè nasẹ̀ sí. Èyí tó ṣòro ni kí a yan ibi tí a óò máa lọ títí, kó má jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta bàtà káńfáàsì ti padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibi márùn-ún ni a fẹ́ fi wéra níbí: títì àdúgbò, pápá ilé-ìwé, pápá ìṣeré ńlá, ọgbà tó nígi, àti òkè. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni.

Ohun tí a fi wọ̀n wọ́n

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé jáde ní 2020 ni pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 tó bá jẹ́ èyí tó le, kó sì fi ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣe èyí tó ń mú iṣan lágbára. Ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Bí ẹ bá ń rìn tí ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ẹ ti wà ní ìwọ̀n. Bí ẹ kò bá lè parí gbólóhùn kan kí ẹ tó mí, ó ti wọ èyí tó le.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún ló ń jẹ́ 150. Nítorí ọjọ́ márùn-ún yìí ni a ṣe fi jíjìnnà ṣáájú gbogbo nǹkan. Ibi tó bá ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sílé yín, ibi òpin ọ̀sẹ̀ ni, ẹ má fi sí ètò ọjọ́ iṣẹ́. Ká ní owó Máìkírà àlọ àtàbọ̀ jẹ́ ₦600: lọ́jọ́ márùn-ún ó di ₦3,000, lóṣù ó di ₦12,000, ẹ kò sì tíì ra omi. Owó yẹn ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sílé, wọ́n á sì máa pe ara wọn ní ọ̀lẹ.

Èkejì ni ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, nítorí òun ló ń pinnu bí orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ yóò ṣe rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ̀kẹta ni àsìkò. Oòrùn kì í yọ n'Ìbàdàn ṣáájú nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, ní oṣù Èrèlè ó sì ń di bí aago méje. Ẹni tó bá ní láti wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní aago méje, inú òkùnkùn ni yóò ti rìn láwọn oṣù kan, àfi tó bá sún un sí ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni ààbò àti owó ìwọlé.

Títì àdúgbò

Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ ti débẹ̀. Kò sí owó ìwọlé, kò sí mẹ́gáàdì tí ẹ óò kí, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n máa ń tì í. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti wọn ìrìn ni kí ẹ wo aago, kí ẹ lọ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ yí padà. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú tí àbọ̀ sì gbà ju 15 lọ, ẹ ti yára jù níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ á rin nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún ní wákàtí kan, nítorí náà ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn jẹ́ kìlómítà méjì ààbọ̀.

Ìṣòro títì tí ojú kì í tètè rí ni pé kò tẹ́jú. Àárín títì ọlọ́dà máa ń ga, ó sì máa ń da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kí omi òjò lè ṣàn sínú gọ́tà. Ẹni tó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á máa tẹ ibi tó rẹlẹ̀ ju èkejì lọ. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ìbàdí tàbí ẹ̀gbẹ́ orúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, yóò sì rò pé ọjọ́ orí ló ń ṣe òun. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ wá òpópó inú tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, kí ẹ lè gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ, kí ẹ sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì bọ̀ tàbí kí ẹ rìn láàárín. Ní títì ńlá, ẹ kò ní irú àǹfààní yẹn: apá ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, nítorí náà apá òsì ló yẹ ẹlẹ́sẹ̀, kó lè máa rí ojú ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá bá a. Ẹ máa wẹ̀yìn pẹ̀lú, nítorí ọ̀kadà kì í bìkítà fún ọ̀nà tó yẹ kó gbà.

Ẹ tún kíyè sí pẹpẹ kọnkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà. Èyí tó bá dún gbọ̀ngbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ ti ń fì, etí tó fi jókòó lórí gọ́tà ti jẹ. Òní ló dún, lọ́jọ́ kan ó lè yí, kí ẹsẹ̀ sì wọlé dé itan. Lẹ́yìn òjò ńlá ẹ má tẹ pẹpẹ kankan tí omi bò mọ́lẹ̀, nítorí ẹ kò lè mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìdájí, ẹ wọ aṣọ funfun tàbí aláwọ̀ tó tàn, kí etí kan má ní íápíìsì kankan nínú. Bí ajá bá yọ, ẹ má sáré. Ẹ dúró, ẹ má wò ó lójú koko, kí ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ kúrò níbi tó ń ṣọ́.

Pápá ilé-ìwé

Tí wọ́n bá ní kí á mú ẹyọ kan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn n'Ìbàdàn, èyí la máa mú. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ló ní ilé-ìwé ìjọba tó ní pápá, ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ju ọ̀dà lọ, ọkọ̀ kì í gba ibẹ̀, ẹni tí ó bá sì rẹ̀ lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá láìjìnnà sí àwọn tó kù. Ohun tó ń dá a dúró ni ìyọ̀ǹda, a ó sì sọ bí a ṣe ń gbà á.

Pápá bọ́ọ̀lù tó péye gùn ní mítà 105, ó fẹ̀ ní mítà 68, tí ẹ bá yí etí rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan ẹ ti rin mítà 346. Ìyípo méje àti díẹ̀ ni yóò gbé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í sábà tó bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ìṣísẹ̀ àgbàlagbà tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70 sí 75, nítorí náà pápá tí ẹ bá fi ìṣísẹ̀ 400 yí ká jẹ́ mítà 280 sí 300. Ẹ mú òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́wàá sọ́wọ́, kí ẹ máa ju ọ̀kan sílẹ̀ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ẹ kò ní ṣì í kà.

Ìyípo àkọ́kọ́, ẹ má yára. Ẹ fi wo ilẹ̀. Ẹnu gólù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ti ń gbo ilẹ̀ jù: koríko ti tán, ilẹ̀ ti jìn bí àwo, òkúta wẹ́wẹ́ pupa sì ti yọrí síta. Nígbà òjò, omi á dúró síbẹ̀, ẹrẹ̀ á sì máa yọ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta lẹ́yìn tí ojú pápá yòókù ti gbẹ. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ yìí kan náà á le bíi kọnkéré, òkúta wẹ́wẹ́ á máa yí lábẹ́ bàtà. Ọrùn ẹsẹ̀ tó bá rọ́ lórí pápá, ibi báyìí ló ti sábà ń rọ́. Ẹ gba ẹ̀yìn gólù kọjá, ẹ má gba iwájú. Ẹ ṣa ìgò tó fọ́, tí ẹ bá rí i. Ọmọ ilé-ìwé kan lè fẹsẹ̀ lásán gba ibẹ̀ lọ́la.

Lẹ́yìn ìyípo mẹ́ta, ẹ yí ojú padà kí ẹ gba òdìkejì. Ẹni tó bá ń fi apá òsì yí kọ̀rọ̀ nígbà gbogbo, ẹsẹ̀ kan ló ń gbé ìnira yíyí yẹn.

Fún iṣan, ẹ kò nílò irin kankan. Ògiri kíláàsì: ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í, kí ẹ tẹ ìgúnpá, kí ẹ padà nà án, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Àtẹ̀gùn fàráńdà: ẹ gùn ún, ẹ sọ̀ kalẹ̀, mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, mẹ́wàá fún tòsì. Lẹ́yìn náà ẹ lóṣòó kí ẹ dìde, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀. Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò ní tó ogún ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe so rọ̀ mọ́ igi gólù, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan so rọ̀ mọ́ ọn. Gólù onírin tí wọn kò rì mọ́lẹ̀ máa ń wó síwájú lu ẹni tó bá fà á, ó sì ti pa ọmọdé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ní ti ìyọ̀ǹda, ẹ má kàn fò wọlé. Ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé ti mú kí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ti géètì, wọ́n sì jàre. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kọ̀wé sí olùkọ́ àgbà, kí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin buwọ́ lù ú. Kí ìwé náà sọ ọjọ́ àti aago pàtó, bí àpẹẹrẹ aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, àti aago márùn-ún sí mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ iṣẹ́. Kí ó dárúkọ ẹni kan tí wọ́n lè pè tí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹ fi ohun kan tí ẹ óò ṣe fún ilé-ìwé kún un: kí ẹ máa gé koríko etí pápá lóṣooṣù nígbà òjò, tàbí kí ẹ gbé iyẹ̀pẹ̀ dí ihò ẹnu gólù. Olùkọ́ àgbà tó rí i pé pápá òun ń dára sí i kì í tètè lé ènìyàn. Ẹ kí mẹ́gáàdì dáadáa pẹ̀lú, òun ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọn yóò tì í ní àkókò ìdánwò àti ọjọ́ ìdìbò. Ẹ ti mọ títì tí ẹ óò gbà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan tó kan gbogbo ibi gbalasa: bí mànàmáná bá kọ tí ààrá sì sán kí ẹ tó ka 30, ẹ sá wọ ilé. Abẹ́ igi kì í ṣe ibi ìsápamọ́. Ẹ dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ààrá tó sán kẹ́yìn kí ẹ tó padà jáde.

Pápá ìṣeré ńlá

Méjì ló lórúkọ jù. Pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní Liberty, ni wọ́n ṣí ní 1960. Pápá Lékan Sàlámì ní Adamásingbà ni 3SC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars, fi ṣe ilé. Ẹ má rò pé wọ́n á jẹ́ kí ẹ wọ orí koríko tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ń lò. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì pápá apá ibi tí ará ìlú lè lò àti aago tí wọ́n ń ṣí i, kí ẹ sì yẹra fún ọjọ́ ìdíje, nítorí èrò àti ọkọ̀.

Àǹfààní orí ìlà eléré sísá ni pé kò sí àríyànjiyàn nípa jíjìn. Ìlà inú pátápátá jẹ́ mítà 400, ìlà kẹjọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 453. Ẹni tó bá rìn ní ìlà òde fún ìyípo mẹ́wàá ti fi ju ìdajì kìlómítà lọ borí ẹni tó wà nínú. Ìlà inú jẹ́ ti àwọn tó ń sáré. Ẹlẹ́sẹ̀ tó gba ibẹ̀ ń dí wọn lọ́nà.

Ohun tó ń fa ènìyàn lọ sí pápá ńlá jù ni ẹgbẹ́. Láàárọ̀ Sátidé, olórí á fọn fèrè, gbogbo ẹgbẹ́ á sì máa fò, wọ́n á máa na apá, wọ́n á máa kọrin. Ẹni tí kò lè dá jí á jí nítorí wọn, ìyẹn sì níye lórí gan-an. Ẹ bá wọn ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó san owó ẹgbẹ́ tàbí ra aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ wò bóyá wọ́n ń pín ènìyàn sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí agbára wọn. Níbi tí ìyá ẹni ọdún 62 bá ti ń fò bákan náà pẹ̀lú ọmọ ọdún 25, orúnkún ìyá ló máa jìyà rẹ̀. Ẹ béèrè bákan náà ẹni tó mọ ìtọ́jú pàjáwìrì láàárín wọn. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, ẹgbẹ́ tó ń mú àgbàlagbà sáré kò tíì ṣetán.

Ọgbà Agodi àti ọgbà Yunifásítì

Ọgbà Agodi bẹ̀rẹ̀ ní 1967 gẹ́gẹ́ bí ọgbà ẹranko àti ewéko. Omíyalé Ògùnpa ti 1980 gbá púpọ̀ nínú ẹranko ibẹ̀ lọ, kí ìjọba tó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Igi ibẹ̀ ni ọrọ̀ rẹ̀: lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, ìrìn abẹ́ igi rọrùn gan-an ju ti orí ọ̀dà lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gba owó ìwọlé, wọn kì í ṣílẹ̀kùn ní ìdájí, èrò ìgbafẹ́ sì ń kún ibẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ìdílé tó ní ọmọ kékeré ni a rò pé ó bá mu jù. Ọmọ á sáré fún wákàtí kan láìmọ̀ pé eré ìdárayá lòún ń ṣe, òbí náà á sì rìn tẹ̀lé e. Ẹ mú omi yín dání, ọ̀rá 50cl kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan, méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní títì abẹ́ igi tí ọkọ̀ kì í sáré lórí rẹ̀ bíi ti ìta. Ẹni tó ń gbé Bódìjà, Ṣáṣà tàbí Agbowó lè fi ṣe ibi ojoojúmọ́. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, nítorí ẹ̀ṣọ́ géètì lè béèrè, kí ẹ sì gba ẹ̀gbẹ́ títì nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wọ kíláàsì.

Òkè

Orí òkè méje ni wọ́n sọ pé Ìbàdàn jókòó lé, nítorí náà òkè kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Òkè Àrẹ̀mọ ni gbajúmọ̀ jù. Ilé ìṣọ́ Bower wà lórí rẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 1936, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 60, ẹ sì lè rí òrùlé páànù ìlú láti òkè rẹ̀ títí ojú kò fi ní í tó o mọ́. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ há, ó sì ń yí bí ìkarahun ìgbín, nítorí náà ẹ gùn ún láti wòran, kí ẹ ṣe eré ìdárayá yín lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìta.

Ìgòkè ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń mú ọkàn ṣiṣẹ́ ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń mú itan lágbára. Kò dára fún ẹni tí kò tíì mọ bí ẹ̀jẹ̀ ríru òun ṣe wà. Ìgòkè ló ń mú ènìyàn mí helehele, ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ba orúnkún jẹ́, òun náà ló ń fa ìrora itan tó ń le jù ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ẹ sọ̀ pẹ̀lú ìṣísẹ̀ kúkúrú, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sáré sọ̀. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ti tó níbẹ̀rẹ̀, ẹ má sì dá lọ ní ìdájí.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ń jáde ní aago mẹ́fà tó sì ń wọlé ní aago méje alẹ́: títì àdúgbò lọ́jọ́ mẹ́ta, níwájú ilé tí iná wà, pápá tàbí ọgbà ní Sátidé àti Sọ́ńdè.

Ẹni ọdún 60 sókè: pápá ilé-ìwé, pẹ̀lú ènìyàn méjì ó kéré tán. Ẹ fi dídúró lórí ẹsẹ̀ kan kún un, kí ọwọ́ wà lára ògiri, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nítorí ìṣubú ló ń ṣẹ́ egungun ìbàdí ní ọjọ́ orí yìí.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà: ibi tó sún mọ́ ilé jù ni kó yàn, kó mú nǹkan dídùn sápò, kó sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, nítorí ó lè farapa níbẹ̀ kó má mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma): kó yẹra fún pápá eléruku àti títì ńlá nígbà ọyẹ́, kó lọ sábẹ́ igi.

Ẹni tí kì í lè dá ṣe nǹkan: ẹgbẹ́ ní pápá ńlá, bó tilẹ̀ ná an lówó ọkọ̀. Ẹni tó ń gbáradì fún eré ìje ọ̀nà jíjìn bíi ti ìlú Èkó: ìlà mítà 400 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún sísáré kíákíá, òkè lẹ́ẹ̀kan, títì inú fún gbogbo ìyókù.

Ẹni tí orúnkún ń dùn tẹ́lẹ̀: pápá koríko nìkan, ìyípo mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì máa fi ìyípo kan kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí orúnkún bá wú tàbí tí ìrora ṣì wà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó padà sí iye ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí àyà bá dun ẹnikẹ́ni tàbí tí òyì kọ́ ọ lẹ́nu ìrìn, kó jókòó lójú ẹsẹ̀, kó ránṣẹ́ pe ẹni tó wà nítòsí, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.